"Kí Lèyí Jọ?": Èsì fún Ẹni Tó Ń Fi Àjákù Ṣe Ọnà

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Gáà Àkàńbí ni mo ń gbé ní Ìlọrin. Ìyá mi tó ń ta òfì ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa ń lẹ nǹkan mọ́ pákó: àjákù òfì tí Màmá fi sílẹ̀, páànù, ìdérí ìgò, ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá bà. N kì í mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ń ṣe mí ni mo ń ṣe é. Ọkọ mi máa ń bi mí pé, "Kí lèyí jọ?" N kì í rí èsì fún un. Èyí tó tún burú ni pé mi ò mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń parí. Màá máa fi kún un ṣáá títí yóò fi bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín. Ìkẹta ò tíì parí, ẹ má bínú. Ṣé iṣẹ́ ọnà ni mò ń ṣe, àbí mo kàn ń tan ara mi jẹ?

Ìdáhùn

Kú àṣẹ̀yìndè ìyá rẹ. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Mo wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù, ojú mi ò gbé e, mo bá ní kí ọmọ mi gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Màá sọ ohun tí mo rí lára wọn láìpẹ́. Ìbéèrè ọkọ rẹ ni màá kọ́kọ́ mú, torí mo fura pé òun ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù, bí o tilẹ̀ tì í sí àárín lẹ́tà bí ẹni tí kò kà á kún.

Lọ́jọ́ mìíràn tó bá tún bèèrè, ṣí àpótí ìyá rẹ, yọ ẹtù kan jáde, kí o bi í pé, "Èyí ńkọ́, kí lòun náà jọ?" Kò sí ọkùnrin Ìlọrin tó gbé agbádá ẹtù wọ̀ lọ sí wòlímọ̀ tí ẹnikẹ́ni dá dúró pé kó fi orí àti ẹsẹ̀ ohun tó wà lára aṣọ náà han òun. Aṣọ dára, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ẹtù ní ohun tó jọ o. Ẹyẹ ẹtù, tí àwọn mìíràn ń pè ní awó, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí aró rẹ̀ tó ṣú dẹ̀dẹ̀ àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ sánmà tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ náà. Ahunṣọ kò ya ẹyẹ kankan. Kò sí àgógó níbẹ̀, kò sí ìyẹ́ apá, kò sí ojú. Ó wo ẹyẹ, ó mú ẹyọ nǹkan kan lára rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣú tó sì ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹyẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní abstract kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí o yọ nǹkan kan lára ohun tí o rí, tàbí lára ohun tó ṣe ọ́, kí o sì ní ìgboyà láti fi ìyókù sílẹ̀.

Bí ẹtù kò bá tó o, ẹ jọ lọ sí Dada ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Ẹ ó bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ń yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù. Wọ́n ti jẹ àgbàdo orí rẹ̀ tán, iná ló yẹ kó kàn, òun ló wá di irinṣẹ́ ọnà. Bó ṣe ń yí ni ojú ibi tí àgbàdo ti ṣí ń tẹ ihò wẹ́wẹ́ lọ rẹrẹ lára amọ̀. Tí wọ́n bá sun ìkòkò tán, kí gbígbóná rẹ̀ tó lọ, wọ́n á wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i, ibi tí omi bá bà á á ṣú. Ìyá náà mọ bí òun ṣe ń ju ọwọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan máa balẹ̀ sí, kò sì da oorun rẹ̀ láàmú. Wo ohun tó pàdé níbẹ̀: ohun tí wọ́n rí nílẹ̀, ọwọ́ tó mọṣẹ́, àti èèṣì díẹ̀ tí wọ́n gbà láàyè. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé ìkòkò Dada sókè tó bèèrè ohun tí ọnà ara rẹ̀ jọ. Iye ni wọ́n ń bèèrè.

Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọnà òyìnbó lo gbé dání, rẹ́rìn-ín kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Òótọ́ ni pé ní Yúróòpù, láti bí ọdún 1910 síwájú, àwọn ayàwòrán bíi Wassily Kandinsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó fi Jámánì ṣe ibùgbé, jẹ èébú kí wọ́n tó lè gbé àwòrán tí kò jọ nǹkan kan kọ́ ara ògiri. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jẹ èébú, ara ìkòkò omi ni àwa ti ń rí i láàárọ̀.

Àjákù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1919, ogun àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gbogbo nǹkan fọ́ nílẹ̀ ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kurt Schwitters ní ìlú Hannover wá ń ṣa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, bébà tí wọ́n fi di ọjà, wáyà àti pákó kíkán, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó gé ìwé ìpolówó báǹkì kan tí wọ́n kọ "Kommerz" sí, "Merz" ló kù lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá. Òun ló fi sọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti El Anatsui, ọmọ Gánà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní 1975. Ní nǹkan bí 1998 ó rí àpò ìdérí ìgò ọtí kan tí wọ́n jù sínú igbó lẹ́bàá Nsukka. Ó gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àpò yẹn wà nílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nígbà tó yá ló tẹ àwọn ìdérí náà pẹlẹbẹ, ó fi wáyà kọ́pà so wọ́n mọ́ra wọn títí wọ́n fi di ohun ńlá tó ń rọ̀ wálẹ̀ lára ògiri bí aṣọ. Ní 2015 wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn ńlá ti ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice, ní Ítálì, fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ̀bùn kọ́ ni mo fẹ́ kí o wò o. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni pé pupa, òféèfèé àti fàdákà tó wà lára iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe wá láti ilé ọtí ni wọ́n ṣe wà. Kò fi ọ̀dà bò wọ́n. Màá padà sí ọ̀rọ̀ yẹn tí mo bá dé fọ́tò rẹ kejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé bó bá ṣe ń ṣe ọ́ lo ń ṣe é. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ọ jà díẹ̀.

Wo onídàdàkúàdà níbi ìnáwó. Wọn ò kọ orin tó fẹ́ kọ fún un sínú ìwé. Àlejò kan á wọlé, ó ti dá a mọ̀, ó ti mú oríkì ilé bàbá rẹ̀, ó ti yí i mọ́ àwàdà, ìlù ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó kàn ń sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní bó ṣe wá síni lọ́kàn, ohun tí ọwọ́ àti ojú ti kó jọ fún ìgbà pípẹ́ ni, tó wá ń yára jáde ju ìrònú lọ. Jackson Pollock ti Amẹ́ríkà, tó tẹ́ kànfásì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti 1947, tó ń kán ọ̀dà sórí rẹ̀ láti ojú igi àti búrọ́ṣì, gbogbo ayé ló rò pé ó ń da ọ̀dà nù ni. Òun fúnra rẹ̀ jiyàn pé kò sí èèṣì nínú rẹ̀, òun ló ń darí bí ọ̀dà ṣe ń ṣàn. Nítorí náà, fọkàn tán ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n bọ́ ọ. Ojú tí kò bá wo nǹkan lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ kò ní rí nǹkan sọ lálẹ́.

Ti ìmọ̀lára le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń tan ènìyàn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ ọnà. Lọ́dún kan, ẹnì kan tí mo fọkàn tán dà mí, ìbínú ọ̀hún kò jẹ́ kí n sùn. Mo wọ yàrá iṣẹ́ lọ ní aago mọ́kànlá alẹ́, mo gbé pákó tó tóbi jù lọ ní ilé, mo da ọ̀dà pupa lé e, mo da dúdú, mo fi ọwọ́ fa á, mo fi òòlù gbá a, mo ń sunkún. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ayé mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Pupa àti dúdú ti pò pọ̀ di àwọ̀ ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́. Aya mi gbé tíì wá fún mi, ó wò ó, ó ní, "Ṣé ọ̀dà dà sílẹ̀ ni?" Ìbínú ni mo fi ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìbínú kankan lára pákó náà. Inú mi ló wà, ó sì ti tán síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Fi ìyẹn wé èyí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé ìdáná ìyá ìyá mi ní Ọ̀mù-Àrán, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé páànù kan. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ wá sí Ìlọrin, mo gbé e ti ògiri. Apá kan rẹ̀, èyí tó kọjú sí sánmà, ti dógùn-ún, ó pupa bí ilẹ̀ Ọ̀mù-Àrán gẹ́lẹ́. Apá kejì, èyí tó kọjú sí ààrò, èéfín ọgọ́ta ọdún ti bò ó, ó dúdú, ó sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ihò ìṣó mẹ́sàn-án ló wà lára rẹ̀. Láàárọ̀, tí oòrùn bá gba fèrèsé wọlé, ìmọ́lẹ̀ á gba inú ihò mẹ́sàn-án náà kọjá, á wá balẹ̀ sí ara ògiri bí ìràwọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wò ó. Mo ti ra ọ̀dà, mi ò ṣí i. Lọ́jọ́ kejìlá, mo ká etí rẹ̀ kan wá síwájú kí pupa lè yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, mo sì fa fọ́nrán òwú àlàárì kan gba inú ihò karùn-ún, mo jẹ́ kó máa fì. Mi ò ṣe ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin wá kí wa ní oṣù kejì. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi nǹkan ṣòfò. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi ìka pa á, ó gbé ìka náà sí imú. Kò bi mí ní ohun tó jọ. Ó ní, "Èyí tó wà lókè ààrò ni, àbí èyí tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà?" Mo ní èyí tó wà lókè ààrò. Ó mi orí, ó wá ibi jókòó sí, kò sì sọ̀rọ̀ títí tíì fi tutù.

Ṣé o rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀? Nínú pákó àkọ́kọ́, mo ń fẹ́ kí ọ̀dà gbé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Nínú èkejì, páànù ti mọ ọ̀rọ̀ náà kí n tó dé, mo kàn ní láti kúrò lọ́nà fún un. Àwa ará Ìgbómìnà mọ èyí dáadáa lára aṣọ egúngún: àjákù lórí àjákù, aṣọ tí ìdílé ń fi kún un láti ọdún dé ọdún, tó fi jẹ́ pé bó bá yí ní ojú agbo, ọdún púpọ̀ ló ń yí. Mo mọ̀ pé Ìlọrin lo ti ń kà á, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ eégún ilé wọn. Mi ò ní kí o lọ gbé egúngún o. Mo ní kí o wo bí wọ́n ṣe to aṣọ.

Ó yá, fọ́tò.

Àkọ́kọ́, èyí tó ní ìdérí ìgò, páànù, bọ́tìnnì, ìyẹ́ adìẹ, ìlẹ̀kẹ̀ àti gíláàsì: ọbẹ̀ tí wọ́n fi gbogbo ohun inú ilé sè ni. Ọkọ rẹ kò jẹ̀bi nínú èyí. Ojú ń wá ibi tó máa bà sí, kò rí. Láti ìsinsìnyí lọ títí di ìgbà tí mo bá sọ pé ó tó, nǹkan méjì péré ni kó wà lórí pákó kan. Méjì. Òfì àti páànù, tàbí òwú àti eérú. Tó bá jẹ́ méjì, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìwọ náà á sì gbọ́. Mú wọn ní ibi tó sún mọ́ ọ. Jimoh Buraimoh, ayàwòrán Òṣogbo, iná ló ń tàn fún eré orí ìtàgé Dúró Ládiípọ̀ kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọnà Georgina Beier ní 1964. Ìlẹ̀kẹ̀ tí gbogbo wa ń rí lára adé ọba, tó sì wà ní ọjà Òṣogbo, lòun mú lọ lẹ̀ mọ́ pákó, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti jáde.

Ìkejì ló dùn mí. Mo fẹ fọ́tò náà lójú títí mo fi rí etí àlàárì níbi tí ọ̀dà búlúù kò dé. Ìbú òfì kan gbáko lo lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, lo wá kùn ún. Kí ló dé? Mi ò sí ní inú rẹ, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé nígbà tí o lẹ̀ ẹ́ tán, Màmá ti pọ̀ jù nínú yàrá náà, o wá fi ọ̀dà ti ilẹ̀kùn. Kò burú. Ènìyàn ni wá. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an lo ti sá. Má gbìyànjú láti ha ọ̀dà náà kúrò, á ya aṣọ. Fi pákó náà pamọ́ bó ṣe wà. Mú ìbú òfì mìíràn, lẹ̀ ẹ́, kí o jókòó tì í láìfọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹkún bá wá, sun ún sí ibòmíràn.

Ìkẹta, èyí tí o ní kí n má bínú pé kò tíì parí: àjákù páànù tó ti tẹ̀, orí òwú tí wọ́n gé kúrò ní ìdí òfì tó ń rọ̀ lára rẹ̀, àti òfìfo pákó ní gbogbo apá òsì. Ó ti parí. Ó ti parí kí o tó ya fọ́tò rẹ̀. Òfìfo apá òsì yẹn lẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́, o sì fẹ́ wá nǹkan dí i. Jọ̀wọ́, má dí i.

Ìyẹn ló mú wa dé ìbéèrè rẹ nípa ìgbà tí iṣẹ́ ń parí. Ọgbọ́n tí èmi ń dá kò pọ̀. Màá yí iṣẹ́ lórí kodò kí n wò ó. Bó bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ojú mi, ó ku díẹ̀. Màá fi fóònù ya á ní dúdú àti funfun, torí àwọ̀ máa ń fi ẹwà bo àléébù mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, màá fi àtùpà wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ mìíràn á jáde. Lẹ́yìn náà, màá fi àtẹ́lẹwọ́ bo nǹkan kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀. Èyí tí mo bá bò tí ìyókù kò sì wá a, mo ti yọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tó bá ku pé ẹ̀rù nìkan ló ń jẹ́ kí n fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹ̀rù pé wọ́n á ní kò tó, wọ́n á ní kí lo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, màá yí ojú rẹ̀ sí ògiri, màá lọ sùn.

Tí o bá fẹ́ kọ́ ojú rẹ, gba ọjọ́ kan lọ sí Èsìẹ́. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà ní ilé àkójọ wọn, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ojú àwọn ère náà, irun wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Má wo ojú. Púpọ̀ nínú wọn ti kán, ní ọrùn, ní apá. Mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí o ya ojú ibi tí òkúta ti kán nìkan, bó ṣe rí gbágungbàgun, ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé ń bà á. Mo máa ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀ nígbà kan. Àwọn tó mọ àwòrán yà jù lọ ni ó máa ń nira fún. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n yà ló máa ń mú nǹkan bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọwọ́, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀lára kì í sọ. Ìmọ̀lára tó bá jábọ́ lára pákó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdọ̀tí ni. Mo rí i nínú fọ́tò pé pláìwúùdù rẹ ti ń tẹ̀ kòrókòró. Kọ́kọ́ bu gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, fi omi lù ú, kí o kùn ún sí ojú pákó àti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí o bá kun ojú nìkan, á tẹ̀ ni. Kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun yẹn tó fún aṣọ, òwú àti bébà. Fún páànù, má gbára lé gọ́ọ̀mù rárá: lu ihò, kí o fi wáyà ran án mọ́ pákó. Tí wáyà bá hàn, jẹ́ kó hàn. Ìpẹtà máa ń la ọ̀dà olómi kọjá, á yọ sójú bí àbàwọ́n tíì. Tí o kò bá fẹ́ ìyẹn, ha èyí tó ń ṣí kúrò, kùn ún ní fáníìṣì kí nǹkan mìíràn tó dé orí rẹ̀. Ọ̀dà olómi lórí ọ̀dà olóròóró á ṣí; ọ̀dà olóròóró lórí olómi tó ti gbẹ kò ní wàhálà. Òfì tí wọ́n fi aró pa, má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ń bà tààrà. Nígbà ọyẹ́, ti fèrèsé tí ọ̀dà bá tutù, àfi tó bá wù ọ́ kí eruku jẹ́ nǹkan kẹta lórí pákó rẹ.

Ẹ̀kọ kọ́ ni gọ́ọ̀mù o. Mo fi ẹ̀kọ lẹ bébà mọ́ pákó nígbà èwe mi, torí owó kò sí, mo sì ti rí i tí wọ́n fi ń lẹ ìwé. Ó dúró dáadáa. Aáyán jẹ gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní apá tí aáyán jẹ yẹn ló dára jù níbẹ̀, mo bínú sí i, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Èyí tí mi ò fi ṣàwàdà: tí o bá ń ṣa nǹkan níbi tí wọ́n ti wó ilé àtijọ́, má fọwọ́ kan àwọn òrùlé àti sílíìnì eléérú tó ń jẹ́ asbestos. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, á dúró síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Má gé e, má ha á, má gbé e wọlé. Òjé inú bátìrì mọ́tò náà, fi sílẹ̀ níbẹ̀, pàápàá nílé tí ọmọdé wà. Má sun wáyà nínú iná láti yọ kọ́pà inú rẹ̀. Ra èyí tó ti ṣí lọ́wọ́ àwọn tó ń wé wáyà ẹ̀rọ iná, kò wọ́n.

O bèèrè bóyá iṣẹ́ ọnà ni. Àkọ́kọ́, rárá. Ìkejì, ó fẹ́ jẹ́ ẹ, o kò jẹ́ kó jẹ́ ẹ. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àní-àní, mo sì jowú rẹ díẹ̀.

Kan ìṣó méjì sẹ́yìn ìkẹta yẹn, fi wáyà so wọ́n, gbé e kọ́ sí ibi tí ọkọ rẹ ti máa ń jẹun. Má ṣàlàyé nǹkan kan. Tó bá tún bèèrè pé kí ló jọ, bi òun náà pé apá ibo ni ojú òun kọ́kọ́ lọ, kí o dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò pákó tuntun tó ní nǹkan méjì. Kó má ju méjì lọ. Kí o má sì fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́.